Àmì Pupa tí Mo Fi Kẹrosíìnì Pa Rẹ́

Kẹrosíìnì ni mo fi pa àmì náà rẹ́. Mo rọ díẹ̀ sórí àkísà, mo fi nu ìdí agolo kọ̀ọ̀kan títí ọ̀dà pupa náà fi ṣí kúrò. Ibi tó ti dípẹtà, mo fi eérú àti iyanrìn ha á títí ó fi ń dán.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ti sáré nu ẹ̀gbin ọmọ yín rí kí aládùúgbò má baà rí i, ẹ ó mọ ohun tí mo rò pé mò ń ṣe lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mò ń bo àṣírí ọmọ mi ni.

Opó ni mí, ará Ìjẹ̀bú. Olówógbowó ni mo ti ń ránṣọ. Mojísọ́lá nìkan ni ọmọ tí mo ní. Lọ́dún tí ọkọ̀ òkun kún Àpápá dẹ́nu, tí ẹrù ń pẹ́ lórí omi títí ojú ẹlẹ́rù fi ń pọ́n, ló rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Màrínà tó ń kó oúnjẹ inú agolo wọlé láti òkè òkun. Ó ń tẹ lẹ́tà fún Ọ̀gá Bọ́lájí, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìtọrẹ àánú. Lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ náà máa ń kó nǹkan lọ fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn oníwèé ìròyìn á sì ya fọ́tò wọn.

Iṣẹ́ náà wù mí. Bí mo bá rí ọmọ mi tó ń lọ sọ́nà CMS láàárọ̀, pẹ̀lú bàtà gogoro àti báàgì lápá, orí mi á wú.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Mojí sọ fún mi pé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń mú nínú agolo tó bá tẹ̀, á jù ú sínú àpò, ó di ilé. "Ìpín" ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Mi ò mú, Màmá. Wọ́n ní mo fẹ́ di Ìyá Ìjọ. Ọ̀gá Bọ́lájí fúnra wọn sọ pé, 'Mojí, ṣé ọwọ́ wa ni kò mọ́ tó fún ẹ ni?'"

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, "Má mú o. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n rò pé ò ń ṣọ́ wọn. Ẹni tí kò bá wọn jẹ, tó tún ń wo ẹnu wọn, wọn kì í pẹ́ lé e."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹ èbà lọ́wọ́, ó dáwọ́ dúró.

"Màmá, bí ẹ bá mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ kò dára, kí lẹ máa ṣe?"

"Ta ló fẹ́ fún ta ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Má béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dijú. Tẹ lẹ́tà tí wọ́n ní kí o tẹ̀."

Ó bu òkèlè, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi tì nìyẹn. Èmi náà ni mo tún wá ń kanra pé wọn ò ṣí i fún mi.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ó ń pẹ́ kó tó délé. Bí mo bá wọ yàrá rẹ̀ lójijì, á fi ẹsẹ̀ ti àpótí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí nǹkan pupa lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Kútẹ́ẹ̀sì ni, Màmá."

Mojí tí kì í kun làálì, ká má tíì sọ kútẹ́ẹ̀sì! Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò dáa.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan wá béèrè rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó so táì, ó sì ń wẹ̀yìn bí ẹni tí ajá ń lé bọ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Túnjí lorúkọ mi. Ibi kan náà lèmi àti Mojí ti ń ṣiṣẹ́. Sítọ́ọ̀ ni mo wà."

"Sítọ́ọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi."

Mo wo báàgì tó há mọ́ abíyá. Ó dì í mú bí ìyá ọmọ ṣe ń di ọmọ tuntun mú.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Ìwé ni, mà."

Ìwé wo ló ń dún gbangan bó bá kan férémù ilẹ̀kùn?

Àwọn méjèèjì dúró sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ má bínú sí mi, mo fi etí ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Mojí sọ pé, "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rí i, títí ọ̀gá àgbà á fi dé láti London."

Túnjí fèsì pé, "Bí Ọ̀gá Bọ́lájí bá kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa ní kí wọ́n kó wa lọ."

Ẹ̀wọ̀n! Mo padà sídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Nígbà tí Mojí ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa àpótí náà jáde. Agolo ló kún inú rẹ̀. Mílíìkì ọmọdé ni, ojúlówó tòkè òkun, tí wọ́n ya ọmọ òyìnbó abẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ sí lára. Mo yí ọ̀kan dojú dé. Àmì pupa wà ní ìdí rẹ̀. Mo yí òmíràn, àmì pupa. Gbogbo wọn ló ní in.

Ohun tí mo rò ni pé iléeṣẹ́ ló sàmì sí ẹrù rẹ̀, kí ọlọ́pàá lè dá a mọ̀ níbikíbi tí olè bá gbé e lọ. Túnjí ló ń ṣí sítọ́ọ̀, ọmọ mi ló ń gbé ẹrù sá pamọ́. Mo ní, ó parí. Wọ́n ti kọ́ ọmọ mi ní "ìpín."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó yẹ kí n ṣe ju pé kí n dúró dè é, kí n bi í. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Bó bá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, mo jí i," ojú wo ni mo máa fi wò ó? Ohun tí mi ò bá tíì gbọ́, mo ṣì lè ní mi ò mọ̀.

Mo rò ó pé kí n lọ dà á sí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ta ló ń da mílíìkì sí ọ̀sà lójú ọ̀sán ní Èkó, tí èèyàn ò ní bi í pé kí ló dé?

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Hàwáwù.

Hàwáwù, ìyá Àlímọ̀t, lọ́rẹ̀ẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Agboolé àwọn baba rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé. Àlímọ̀t ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin, ọjọ́ kejì sì ni súná ìsọmọlórúkọ. Fìlà kékeré kan lásán ni mo rán fún ọmọ náà, ojú sì ń tì mí. Ni èrò kan bá sọ sí mi lọ́kàn: oúnjẹ tí wọ́n bá ti jẹ tán, ọlọ́pàá ò lè rí i mọ́.

Bí mo ṣe gbé kẹrosíìnì nìyẹn.

Mo gbọ̀n ọ̀kan nínú agolo náà wò. Ó dún gbì, bíi pé òkúta ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun kì í dún bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá nítorí pé ó pẹ́ lórí omi ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ ọ létí ara mi o, mo sì tún ń ha ìpẹtà lọ.

Ní súná, bí mo ṣe sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ni Hàwáwù pariwo.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Ìyá Mojí gbé òyìnbó wá bá wa ṣe súná!"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ọmọ yìí á sọ gẹ̀ẹ́sì kó tó rá."

"Á máa bá wa tẹ̀wé ní Màrínà," ni Hàwáwù fi tì í lẹ́yìn. "Ìyá Mojí, níbo lo ti rí èyí? Mílíìkì ti wọ́n gógó ní gbogbo ìlú."

"Ṣé o ò mọ ibi tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn, mo sì ju gèlè mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yìn mí, ó dùn mọ́ mi. Àlímọ̀t dúpẹ́ títí. Ó ní ọmú ń ro òun, ọmọ ò sì yó. Mo gbàgbé pátápátá pé ẹrù olè ni mo rò pé mo gbé wá.

Nírọ̀lẹ́, Mojí jáde láti inú yàrá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Màmá, ta ló wọ yàrá mi?"

"Yàrá wo?"

"Àpótí mi ti ṣófo."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa àpótí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. "Túnjí ni. Òun nìkan ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa wọlé?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo wòye pé bó bá bínú sí Túnjí, ó máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búburú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé:

"Ó kúkú wá síbí lọ́sàn-án. Mo wà nídìí máṣíìnì, mi ò mọ ohun tó wọlé wá ṣe. Mo ti sọ fún ẹ pé ojú ọmọ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn."

Irọ́ ni. Túnjí ò fẹsẹ̀ tẹ ilé mi lọ́jọ́ náà.

Mojí lọ bá a jà ní sítọ́ọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Túnjí ní, "Èmi? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ti lọ kó o fún Ọ̀gá, kí wọ́n lè fún ẹ ní ipò?" Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń yọjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọmọ mi ń délé ní wọ́ọ́rọ́, èmi náà ń sọ nínú ara mi pé mo ti gbà á là.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti gbé ọmọ Àlímọ̀t dé ilé ìwòsàn.

Èmi àti Mojí jọ sáré lọ ni. Wọ́n ti fa omi sí ọmọ náà lára. Àtàrí rẹ̀ ti jìn wọnú. Àlímọ̀t jókòó, kò sunkún, ó kàn ń mi ara. Hàwáwù dì mọ́ agolo kan, ọ̀kan nínú èyí tí mo gbé lọ.

Nọ́ọ̀sì gba agolo náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yí imú padà.

"Màmá, ṣé ohun tí ẹ fún ọmọ nìyí? Ó ti bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé ó dì gbagidi ni?"

"Mo rí i," ni Hàwáwù wí. "Mo fi ọmọ odó gún un. Mo rò pé bí tòyìnbó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Ta ló fún yín?"

Hàwáwù yíjú sí mi. Ó kàn wò mí.

Mojí na ọwọ́, ó gba agolo náà. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ó ń dán, ṣùgbọ́n nínú kòtò etí rẹ̀ yípo, níbi tí àkísà mi ò dé, ọ̀dà pupa ṣẹ́kù bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi èékánná ha á. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè wò mí.

Mi ò lè júwe ojú náà fún yín. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ rú mọ́ lójú ló ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì tún béèrè, "Mo ní ta ló fún wọn?"

Ẹnu mi wà níbẹ̀. Ahọ́n wà nínú rẹ̀. Mi ò lè gbé e.

"Èmi ni," ni Mojí wí. "Èmi ni mo mú un jáde níléeṣẹ́ wa."

Mo jẹ́ kó sọ ọ́. Ìyá tó bí i dúró síbẹ̀, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé Màrínà kíákíá. Ọ̀gá Bọ́lájí pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣe bíi pé òun mọ́ ju gbogbo wa lọ nìyí o! Ó jí mílíìkì, ó gbé e pamọ́ sínú ooru títí ó fi bàjẹ́, ó lọ fi pa ọmọ ọlọ́mọ lára." Wọ́n ní kí Mojí má wọ ọgbà mọ́ títí ọ̀gá àgbà á fi dé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Olè alágolo" ni wọ́n ń pè é.

Nílé, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ mi. Ó fà mí dìde.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá. Ẹ kàn sọ fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ ò ga. Mílíìkì náà ti pẹ́ jù lórí omi ní Àpápá, omi sì ti wọ inú àwọn páálí. Ọ̀gá Bọ́lájí mọ̀. Dípò kí wọ́n dà á nù, ó ní kí wọ́n fi ṣe ìtọrẹ àánú ọdún náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ní òtòṣì kì í wo ìdí agolo. Túnjí ló kọ́kọ́ rí i. Òun àti Mojí mú díẹ̀ jáde, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó, kí wọ́n lè fi han ọ̀gá àgbà tó bá dé.

"Ẹ̀rí wa nìyẹn," ni Mojí wí. "Ó ti tán. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pín èyí tó kù. Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ olè gbọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Hàwáwù. Wọ́n ti gbé ọmọ náà délé, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Hàwáwù dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Mojí, má wọlé mi."

"Mi ò ní wọlé. Ìta ni mo ti máa sọ ọ́." Mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: àpótí, àkísà, kẹrosíìnì, eérú. Mo sọ nípa irọ́ tí mo pa mọ́ Túnjí. Nígbà tí mo sọ pé mo gbọ̀n agolo náà, ó sì dún gbì, ó fọwọ́ di etí.

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ìwọ yìí? Tí o gbé Àlímọ̀t pọ̀n rí?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Nígbà tó di Sátidé, iléeṣẹ́ to tábìlì síta níwájú agboolé Hàwáwù, wọ́n to agolo lé e bí ilé. Àwọn ìyá ọmọ tò, wọ́n pọn ọmọ. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Túnjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, ó ń já páálí sílẹ̀ bí ẹni tó ń ru òkú. Ọ̀gá Bọ́lájí wọ kóòtù, ó ń sọ̀rọ̀ nípa bí iléeṣẹ́ ṣe ń rántí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Mo jáde láàárín èrò.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Màdáàmù, ẹ lọ tò sórí ìlà."

"Mi ò wá gba mílíìkì. Èmi ni ìyá Mojísọ́lá."

Ni ariwo bá sọ. "Ìyá olè! Ìyá olè rèé o!" Ẹnì kan já gèlè lórí mi.

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sunkún. Mo ní, "Ọmọ mi kọ́ ló fún ọmọ Àlímọ̀t ní mílíìkì. Èmi ni. Ó sàmì pupa sí i kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó, èmi ni mo fi kẹrosíìnì pa á rẹ́, tí mo ha ìpẹtà rẹ̀, tí mo gbé e wá síbí wá gba ìyìn. Ọmọkùnrin tó dúró ti lọ́rì yẹn ò wọ ilé mi, mo purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó sì wà nínú agolo tèmi náà ló wà nínú àwọn tí wọ́n tò síbí yìí."

Ọ̀gá Bọ́lájí rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ìyá ń gbèjà ọmọ. Ẹ̀yin ará, mílíìkì wa dára."

"Bó bá dára, sà, ẹ mu ún."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ po ife kan, ẹ mu ún. Màá tọrọ àforíjì, màá sì lọ fa ọmọ mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Ó wo agolo, ó wo kámẹ́rà. "Mílíìkì ọmọdé ni, Màdáàmù. Àgbà kì í mu ún."

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá. Hàwáwù ni. Ọmọ Àlímọ̀t wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ó máa bù yín jẹ lẹ́nu ni? Ọmọ tí mo pọ̀n yìí ò tíì yọ eyín kan, ó mu tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní eyín lókè nílẹ̀, kí lẹ ń bẹ̀rù?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bọ́lájí ò fọwọ́ kan agolo náà. Túnjí gbé ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ ṣí i, ó dà á sórí tábìlì. Òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú kan já bọ́, ó dún gbì. Òórùn rẹ̀ ta.

Ìyá ọmọ kan dá tirẹ̀ padà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń tò ó padà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò pariwo, kámẹ́rà sì ń tàn yẹ̀rì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wolé-wolé wá kó gbogbo mílíìkì náà lọ dáná sun. Ọ̀gá àgbà dé láti London. Wọn ò lé Ọ̀gá Bọ́lájí, wọ́n kàn gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Wọ́n ní kí Mojí padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti fagi lé "ìpín," ìdí nìyẹn tí àwọn kan níbẹ̀ kì í fi í dá a lóhùn títí di òní. Túnjí gba ẹ̀bẹ̀ mi. Ó ní, "Ó ti tán, mà." Ṣùgbọ́n kì í gun àtẹ̀gùn ilé mi mọ́. Ìsàlẹ̀ ló ti ń pe Mojí.

Hàwáwù náà dárí jì mí. Ó sọ ọ́ lójú mi, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, "Ṣùgbọ́n má gbé oúnjẹ wá mọ́, Ìyá Mojí. Máa wá lọ́wọ́ òfìfo."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, Mojí ti ibi iṣẹ́ dé, báàgì rẹ̀ wúwo. Ó fẹ̀ níkùn, ó fà á léjìká sísàlẹ̀. Àyà mi já.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í.

"Mojísọ́lá, kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

Ó dúró. Mo rí i pé ó ń rò ó.

"Màmá, mi ò lè sọ fún yín."

"Ṣé ohun tó lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹ ni?"

"Mi ò lè sọ fún yín. Ẹ má bínú."

Ó gbé báàgì náà sórí àga, ó gbé garawa, ó lọ wẹ̀. Báàgì ò ní kọ́kọ́rọ́. Ó wà níbi tí ọwọ́ mi lè dé.

Mo gbọ́ tí omi ń dà ní balùwẹ̀. Mo dìde, mo yí máṣíìnì mi kọjú sí ògiri, mo sì ń ránṣọ títí ó fi jáde.